Ìgò Wáìnì Tí Bàbá Ṣí Fún Mi

Kò pẹ́ tí mo dé New York ni mo ríṣẹ́ ìtọ́jú bàbá arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀ láti University Heights tí mò ń gbé lọ sílé rẹ̀. Mo ń wẹ̀ fún un, mo ń se oúnjẹ, mo sì ń fún un ní oògùn. Bàbá ni mo ń pè é.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà ní abúlé wọn lórí òkè, níbi tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti ń fi àjàrà oko bàbá wọn ṣe wáìnì. Bàbá ní àwọn ará ìlú kejì gan-an kò mọ orúkọ irú àjàrà yẹn. N kò rí wáìnì náà rí ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ẹbí tó bá ń bọ̀ láti ọ̀hún ló ń gbé e wá, Bàbá á sì mu díẹ̀ sí oúnjẹ ọ̀sán. Èmi kì í mu ún. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, ọtí kì í wọ ilé wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Abẹ́òkúta pé Màámi ti kú. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Bí mo bá lọ, n kò ní lè padà wọlé. Mo bọ́jú, mo lọ síbi iṣẹ́, torí n kò fẹ́ dá jókòó sínú yàrá. Bàbá wojú mi, ó béèrè ohun tó ṣe mí. Mo sọ fún un.

Bàbá nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní kí n gbé ìgò kan wá láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Eruku ti bò ó. Àjàrà tí ìyá rẹ̀ ká gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣe é. Amẹ́ríkà lòun náà wà nígbà tí ìyá yẹn kú, kò sì ráyè lọ sìnkú rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣí i.

“Ta ni mo tún ń tọ́jú ẹ̀ dè?” ló wí. “Jókòó. Sọ̀rọ̀ ìyá ẹ fún mi.”

Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò náà rún mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Wáìnì yẹn ti kan, ó ń fa ẹnu pọ̀ bí èèpo àgbálùmọ̀. Bàbá tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wáìnì náà ti pẹ́ jù. Síbẹ̀ a mu ún. Mo sọ fún un bí Màámi ṣe máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Òun náà sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń lu ọmọrí ìkòkò láti lé ẹyẹ kúrò lára àjàrà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, tí mo sì wá sunkún dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àbúrò Bàbá pè láti abúlé. Bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ mi fún un, wọ́n sì ti gbàdúrà fún Màámi ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ sókè, bí ẹnu wọn ṣe lè pè é mọ.

Bàbá náà ti kú báyìí. N kò tíì dé abúlé wọn rí, ṣùgbọ́n n kò yéé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.