Ìyá Tẹ́ní Tó Dá Júdásì Padà

Ọjọ́ tí Ìyá Tẹ́ní dá eré Ọdún Àjíǹde dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, Jésù ti gbàdúrà tán nínú ọgbà, àwọn ọmọ-ogun ti dé pẹ̀lú idà tí wọ́n fi páálí gé. Ó wá ku kí Júdásì wọlé, kó fẹnu ko Jésù lẹ́nu, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa mú. Ọláyanjú, tó máa ń fi àga han èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ni Júdásì. Alàgbà Adéjùmọ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ni Jésù, nítorí pé òun nìkan ló ní irùngbọ̀n.

Ọláyanjú wọlé. Ó wo ojú Alàgbà. Gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti kékeré sì dìde sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú alẹ́, sà."

Àwọn ọmọ-ogun ń wo ara wọn. Wọn ò rí ìfẹnukonu, wọn ò mọ ẹni tí wọn yóò mú. Jésù alára gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni ohùn kan ké láti ìlà kẹta. "Ẹ dá a dúró!" Ìyá Tẹ́ní ti dìde, ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún, bírò lọ́wọ́ òsì. "Ọláyanjú! Ṣé ìdọ̀bálẹ̀ lo fi tà á ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n jù mí lọ ni."

"Jésù ju Júdásì náà lọ! Ó yá, jáde. Tún un wọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un wọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìwà ọ̀dàlẹ̀ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ìyá àgbà kan fi agbòjò gbá a lẹ́yìn bó ti ń jáde, odidi ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá kí àwọn kan tó gbà kó tún fi àga hàn wọ́n. Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ pe Ìyá Tẹ́ní sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá, ilé Ọlọ́run la wà o. A ò sí ní kíláàsì."

"Pásítọ̀, bí Júdásì ò bá burú, kí ni Jésù wá ṣe?"

Pásítọ̀ ní àwọn yóò gbàdúrà sí i.

Òótọ́ ni kíláàsì tí pásítọ̀ ń sọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Tẹ́ní fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó, kó máa wo páálí tó ń kọjá lójú rẹ̀, kó sì yọ èyí tó bá ní àbùkù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, páálí ò kọjá mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ló bá wọ yunifásítì ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, lẹ́ka àwọn tó ń kàwé látilé, ó ní ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé lòun fẹ́ kà. Tẹ́ní, ọmọ rẹ̀, fi fóònù pè é.

"Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń sunkún nídìí tẹlifíṣọ̀n, tí mi ò sì sunkún nígbà tí bàbá rẹ kú."

Tẹ́ní bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí owó ilé ìwé jẹ́.

Ẹni tó wá mọ̀ ọ́n jù láyé ìwé yẹn ni Morọ́lá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, Bọ́ládé ní Òṣòdì ló ń gbé, òun ló ń kọ eré fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún kan náà ni òun àti Ìyá Tẹ́ní wọlé, àmọ́ Morọ́lá fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú forúkọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Òṣòdì, Ìyá Tẹ́ní yóò kí i lójú gbogbo ayé: "Ẹ káàárọ̀, àǹtí."

Morọ́lá á kúnlẹ̀ wìì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ta ló ń ṣe yẹ̀yẹ́? Nọ́ńbà rẹ ló ṣáájú tèmi. Àgbà ni ọ́."

Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, orin á yí padà. "Morọ́lá! Gbé àga yẹn wá fún mi, kí o sì tún ìró rẹ ró dáadáa."

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá yìí ń fẹ́ nínú gbogbo ìwé náà. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ọjọ́ ìkẹyìn ló ń fẹ́, ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ síwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta, tí wọn yóò bi í ní ìbéèrè, tí yóò sì dáhùn. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nílé iṣẹ́," ló sọ fún Morọ́lá, "kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan rí, àfi aago mélòó ni mo dé."

Ìran wíwò ni ìwádìí náà dá lé. Ọ̀sán Sátidé ní pálọ̀ Ìyá Tẹ́ní dà bí ohun tí èèyàn rí lójú àlá. Fáànù ń yí jẹ́jẹ́, oòrùn ń gba inú kọ́tìnì wọlé bí ẹni da oyin sílẹ̀, ariwo àwọn ọkọ̀ ẹrù láti ọ̀nà ilé iṣẹ́ ń hó lókèèrè bí òkun. Àwọn aládùúgbò á kó ara wọn jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ojú wọn á máa tàn, á máa ṣókùnkùn, bí àwòrán ṣe ń yí. Ṣùgbọ́n Ìyá Tẹ́ní ò wo eré. Ńṣe ló máa ń yí àga tirẹ̀ padà, á kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n, á máa wo àwọn tó ń wò ó.

"Má mu ún!" Kíkí, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Jeremy, ló ń pariwo. "Má mu ún o! Ìyá ọkọ ẹ ti fi nǹkan sí i!"

Ìyá Tẹ́ní gbé bírò. "Ìyá Jeremy, ta lẹ̀ ń bá wí?"

"Ìyàwó yẹn ni, mà."

"Ṣé ó ń gbọ́ yín?"

"Báwo ló ṣe máa gbọ́? Inú tẹlifíṣọ̀n ló kúkú wà."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń pariwo?"

Ìyá Jeremy tọ́ka sí ife náà. "Mà, tí mo bá dákẹ́, tó wá mu ún, ṣé mi ò ti lọ́wọ́ sí i?"

Ìyá Tẹ́ní fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó náà gbé ife, ó mu ún tán. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn kà báyìí: èèyàn mẹ́fà, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" mọ́kànlá, májèlé ṣì borí.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti Dókítà Babáṣọlá, olùkọ́ wọn, wá láti inú eré àtijọ́ kan tí wọ́n kà ní kíláàsì. Ọdẹ kan ni eré náà dá lé. Láti ìran kìíní ni wọ́n ti sọ pé ìbọn ara rẹ̀ ni yóò pa á. Ó ju ìbọn náà sódò, ó sá lọ sí ìlú mìíràn, ọmọdé kan sì fi àwọ̀n gbé e jáde, ó tà á fún un padà. Nínú ìdánwò, Dókítà béèrè ẹni tó jẹ̀bi ìṣubú ọdẹ. Àwọn kan kọ ìgbéraga. Àwọn kan kọ àyànmọ́. Ìyá Tẹ́ní kọ ìlà kan péré: *Ẹ̀bi òǹkọ̀wé ni.* Wọ́n fún un ní máàkì méjì nínú ogún. Ó di ọ́fíìsì Dókítà.

"Ìyá, òǹkọ̀wé ò sí nínú eré."

"Ibo ló wà?"

"Ẹ̀yìn eré ló wà."

"Ṣé ó ń rí ọdẹ náà?"

"Ó ń rí i, mà. Òun kọ́ ló dá a ni?"

"Ó dá a, ó ń rí i, ó mọ ibi tí ìbọn wà, ó sì dákẹ́. Dókítà, ẹ̀yin ẹ wá sọ ẹni tó jẹ̀bi."

Dókítà fa ìwé ìdánwò náà mọ́ra. Ó fi máàkì mẹ́jọ kún un. "Ẹ máa lọ, Ìyá, kí ẹ tó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ yín."

Morọ́lá tó gbé báàgì Ìyá Tẹ́ní dúró lẹ́nu ọ̀nà ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó rọra béèrè, "Mà, ṣé òǹkọ̀wé eré nìkan lẹ̀ ń sọ?"

Ìyá Tẹ́ní dúró. Eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń yọ jáde nínú rẹ̀, wọ́n ń wọlé padà. "Mi ò mọ̀, àǹtí," ló wí. "Ìdí tí mi ò fi jẹ́ pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ nìyẹn. Bóyá ọjọ́ tí mi ò bá wá ni Ọlọ́run máa ṣàlàyé ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó dúró níwájú àwọn olùkọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà ilé ìwòsàn ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀, òun náà sì ní kí wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn olùkọ́ dá fún un. Morọ́lá gbààwẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn mìíràn ń bẹ Ọlọ́run fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n ohun tó rò pé kò le fún Ọlọ́run ló béèrè. Ó ní kí Ìyá ṣáà dé Ọjọ́bọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, òjò ń rọ̀ sórí páànù ilé ìwòsàn, gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́ rọ́rọ́ bí ìsàlẹ̀ omi. Morọ́lá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó lajú, Ìyá Tẹ́ní ti dijú, bírò wà láyà rẹ̀. Morọ́lá bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ Ajé ni Ìyá Tẹ́ní kú.

Morọ́lá ò bá Ọlọ́run jà. Àdúrà Olúwa nìkan ló ń gbà, nítorí pé ìyẹn ò gba kí èèyàn ronú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ fún un pé Ọlọ́run ló mọ ohun tó dára jù. Ó ń ṣe àmín. Àmín náà ò kọjá ọ̀nà ọ̀fun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Tẹ́ní, ó gbé e lọ sí Òṣòdì. Olùkọ́ mẹ́ta wà lórí ìjókòó, Dókítà Babáṣọlá láàárín.

"Sà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè," ni Morọ́lá wí. "Mo mọ̀ pé wọn ò sí. Màá wá èsì rẹ̀ nínú ìwé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn."

Àwọn olùkọ́ wo ara wọn. Dókítà ṣí fáìlì rẹ̀. Wọ́n sì bi í lóòótọ́, wọn ò ṣàánú rẹ̀. Wọ́n béèrè iye èèyàn tí Ìyá wò, wọ́n béèrè ìdí tó fi kẹ́yìn sí eré, Morọ́lá ń ṣí ewé, ó ń kà á fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi májèlé. Ó wá ku ẹyọ kan.

"Àwọn òǹwòran yìí ń bá ẹni tí kò lè gbọ́ sọ̀rọ̀," ni Dókítà wí. "Ọ̀rọ̀ wọn ò yí eré padà. Kí wá ni àǹfààní rẹ̀?"

Morọ́lá ṣí ewé títí. Kò rí nǹkan kan. Ó dé ewé tó kẹ́yìn, níbi tí ìkọ̀wé ti rí kọ́lọkọ̀lọ. Ọjọ́ Sátidé ló wà lókè rẹ̀. Ó kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà:

"Ilé ìwòsàn. Òǹwòran kan. Ó kúnlẹ̀. Ó pe 'Olúwa' nígbà mọ́kàndínlógójì, ó ti pọ̀ jù, màá sọ fún un. Ó rò pé mi ò gbọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí oorun ò ti kùn mí. Ohùn ọmọ yìí dùn. Oorun ti ń gbé mi lọ. Ẹ̀rù ò bà mí."

Ẹ̀rín ti bú jáde lẹ́nu Morọ́lá níbi "ó ti pọ̀ jù", kò sì rí i dá dúró nígbà tí omi ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dà lé e. Ó di ìwé náà mú mọ́ àyà.

Dókítà Babáṣọlá dìde. Ó kọjú sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Morọ́lá, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró sí, ó sì tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló wí. "A ò ní ìbéèrè mọ́."