Lẹ́tà Tí Mo Gbé Kọjá Nínú Ọyẹ́

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo jáde nílé ní Ìlobù. Inú báàgì mi ni mo kó bírò méjì sí, pẹ̀lú ìgò ojú mi, omi inú ọ̀rá, àti lẹ́tà kan tí mo ti dà kọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ lè gún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń gbé tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ìborùn wé orí dé etí.

“Ìfọ́n kẹ̀? Nínú ọyẹ́ yìí?”

“Ìfọ́n ni, Àǹtí mi.”

“Ó dáa. Bí o bá dé ọ̀hún, kí o kí wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, kí o tún wọn kí.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn á rẹ́rìn-ín pé mo pe ìrìn láti Ìlobù sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ní ìrìn àjò. Kí ògì gbígbóná tó tutù nínú abọ́, ọ̀kadà á ti gbé èèyàn débẹ̀. Mo fi ọdún mọ́kàndínlógún lọ, mo sì fi í bọ̀, nígbà tí mò ń kọ́ wọn ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì tún gbóná láàárín ìlú méjèèjì, ẹsẹ̀ mi kò kan ọ̀nà náà fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀nà tí èèyàn kò bá rìn mọ́ máa ń gùn sí i.

Ràfíátù ló mú mi jáde. Èmi ni mo kọ́ ọ ní girama; nígbà tí ó parí yunifásítì, ó padà wá di tíṣà físíìsì lábẹ́ mi, a sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ó ń wá àyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú físíìsì ní yunifásítì kan ní òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń san owó ìwé fún ẹni tí wọ́n bá gbà. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta tó máa kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ ni wọ́n béèrè. Olùkọ́ rẹ̀ méjì ní yunifásítì ti fi tiwọn ránṣẹ́. Ìkẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, èmi nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ náà, ní aago méjìlá, ni ilẹ̀kùn gbígba lẹ́tà máa tì. Nẹ́tíwọ̀kì kò sí ní àdúgbò wa láti bí ọjọ́ mẹ́rin. Ìfọ́n ni ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ wà, èmi fúnra mi sì ni òfin ní kó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ní ọdún tó kọjá ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, wọn kò gbà á. Èmi náà ni mo kọ lẹ́tà ìgbà yẹn.

Làmídì ọlọ́kadà ló gbé mi, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.

“Màmá, èéfín aṣálẹ̀ yìí ò jẹ́ ká ríran mọ́ o.”

“Kì í ṣe èéfín, Làmídì. Eruku ni. Ó kéré débi pé afẹ́fẹ́ ń gbé e, ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án á sì tú ká. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi funfun bẹ́ẹ̀ yẹn.”

“Èyí tó bá kan ojú tèmi kì í tú ká, Màmá. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí.”

Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ oko pákí kan, ó dúró. “Ibí ni mo máa ń dé, Mà. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọlọ́kadà Ìfọ́n níwájú. Àwọn náà kì í dé ọ̀dọ̀ wa.” Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ọyẹ́ sì gbé e mì, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún ìgbà díẹ̀.

Ó wá ku èmi nìkan. N kò lè sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún yín tán. Ilẹ̀ ti mọ́, síbẹ̀ kò mọ́. Oòrùn wà lókè bí àwo tanganran, mo sì wò ó lójú kòrókòró láìṣẹ́jú. Àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà kò ní ìdí, orí wọn nìkan ló léfòó. Mo ń wá ibi tí Ìlobù parí sí, kí n lè sọ fún ara mi pé mo ti wọ Ìfọ́n, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti pa á rẹ́. Ẹnìkan yọ síwájú mi pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ó ní, “Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú ọyẹ́.” Mo dá a lóhùn. Kí n tó rántí wo ibi tó ti wá, ó ti wọ inú funfun lọ. Ará ìlú wa ni bí, àbí ará ìlú wọn? Ohùn kan náà ni wọ́n fi ń kíni. Ó dà bíi pé mo ń rìn nínú oorun ẹlòmíràn, mo sì rọra ń tẹlẹ̀ kí n má baà jí i.

Mo gba ọ̀kadà kejì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà náà ni. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ti kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ tí n kì bá fọwọ́ sí.

Ràfíátù ti ń dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, híjáàbù rẹ̀ pọ́n fún eruku. “Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú ìrìn. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.”

“Dìde, ilẹ̀ tutù. O kò gbọ́dọ̀ rí ohun tí mo kọ, òfin wọn ni. Jókòó síbi bẹ́ǹṣì yẹn.”

Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó tan jẹnẹrétọ̀, ó ṣí ojú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà mi. Mo ti kọ ọ́ pé Ràfíátù jẹ́ ọmọ tó níwà, tó ń wá síbi iṣẹ́ lásìkò, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ni lọ́rùn. Fọ́ọ̀mù kan tún wà pẹ̀lú àpótí márùn-ún, láti “kò tó” dé “ó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ”. Mo ní kó fi àmì sí ìkẹta, “ó dára”. Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

“Màmá, kí lọmọ yìí fi ṣẹ̀ yín?”

“Kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ gidi ni.”

“Ẹ ẹ̀ sọ ọ́ síbí o! Mo ti tẹ irú lẹ́tà yìí láìmọye. Lójú àwọn òyìnbó, ‘ó ń wá lásìkò’ túmọ̀ sí pé kò mọ nǹkan míì í ṣe. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú lẹ ń kọ yìí.”

“Ìyá Ìbejì, a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní ń kángun rẹ̀.”

“Ṣé ojú rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ni?”

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ló mọ òfin máàkì mi: ọgọ́rùn-ún ti Ọlọ́run, àádọ́rùn-ún ti ẹni tó kọ ìwé, ọgọ́rin ti tíṣà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa pín ìyókù. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, kí orí ọmọ má baà wú. Mo wá rántí lẹ́tà ọdún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan náà, àpótí kan náà. Ara mi tutù ju bí ọyẹ́ ṣe tutù lọ.

“Pa á rẹ́,” mo ní. “Ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè.”

Ṣùgbọ́n mo wo ojú fèrèsé, mo rí Ràfíátù lórí bẹ́ǹṣì, ahọ́n mi sì kọ̀. Mo pè é, mo fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà. “Lọ ra àkàrà àti ẹ̀kọ wá. Má rà á nítòsí. Ti iwájú ọjà ni mo fẹ́.” Ìgbà tó kọrí sọ́nà, tí ọyẹ́ bò ó, ni mo tó lè sọ òtítọ́.

Mo sọ fún àwọn ará yunifásítì náà nínú lẹ́tà pé nígbà tó wà ní girama, mo ní kí kíláàsì so òkúta mọ́ okùn, kí wọ́n jẹ́ kó máa fì, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá ìfì rẹ̀ wá bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó. Gbogbo wọn kọ mẹ́sàn-án pọ́ìǹtì mẹ́jọ, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Òun nìkan kọ mẹ́sàn-án pọ́ìǹtì mẹ́ta. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò yí i padà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró lẹ́yìn ilé ìwé kó tó rí i pé òun wọn okùn dé orí òkúta, òun kò wọ̀n ọ́n dé àárín rẹ̀. Mo sọ pé nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní kí Ìyá Ìbejì fi àmì sí àpótí karùn-ún. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù nígbà tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ẹ́ lọ. Àmì kékeré kan yí po, yí po, bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà wọ́n ní ó ti dé.

Ràfíátù gbé àkàrà àti ẹ̀kọ náà dé, ó sìn mí padà dé ibi tí ọ̀kadà wọn ń dúró, ó tún bá mi rìn wọ àárín funfun yẹn. Níbẹ̀, níbi tí kì í ṣe ìlú wa tí kì í ṣe ìlú wọn, mo sọ fún un pé lẹ́tà tí mo kọ lọ́dún tó kọjá kò dára tó, pé bóyá lẹ́tà náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó ń bá mi rìn lọ. “Bẹ́ẹ̀ ni mo sunkún lọ́sẹ̀ yẹn, Mà,” ó ní. Lẹ́yìn náà, “Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé àṣìṣe tí a bá ti mọ ibi tó ti wá, ìdajì iṣẹ́ ti parí.” Ó kúnlẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣílẹ̀kùn. “Káàbọ̀. Ṣé ara wọn le lọ́hùn-ún?” ó ní, bíi pé ìlú òyìnbó ni mo ti ń bọ̀.

“Ara wọn le. Wọ́n ní kí n kí yín.”

N kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á. Kí n tó jẹun, mo fa ìwé máàkì mi àtijọ́ yọ lábẹ́ ibùsùn, mo ṣí i dé ojú ìwé kíláàsì rẹ̀. Ó wà níbẹ̀: mọ́kàndínlọ́gọ́rin, máàkì tó ga jù tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lè gbà. N kò pa á rẹ́. Tíṣà kì í pa máàkì rẹ́. Mo fa ìlà kan la àárín rẹ̀, mo fi bírò pupa kọ “àtúnṣe” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, mo sì fọwọ́ sí i.

Méjì tó kù, mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run.