Ọrun Tí Àbídèmí Yàn ní Ṣábẹ̀ẹ́

Láti ọjọ́ tí apá òkè ọrun àtijọ́ rẹ̀ ti ké kẹ́ẹ́ lẹ́bàá etí rẹ̀, Àbídèmí kò fà á mọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ìlà kan lára rẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí. Ó gbé e kọ́ sára ògiri, kò sì sùn dáadáa mọ́.

Kì í ṣe ọrun igi tí àwọn ọdẹ Bessé, abúlé rẹ̀, ń gbẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ ni: kẹ̀kẹ́ kékeré kan lórí, ọ̀kan nídìí, tí ọsán ọrun ń gba ara wọn kọjá. Òyìnbó kan ló fi í sílẹ̀ fún Romuald, ọkọ Àbídèmí, nígbà tó ń bá àwọn ọdẹ àjèjì tọpasẹ̀ ẹran ní apá àríwá lọ́hùn-ún. Romuald kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta á kí ó tó kú. Ọdún kẹfà rèé tí Àbídèmí ti ń fi í lé ìmàdò kúrò nínú oko iṣu tí òun àti ọmọ mẹ́ta ń jẹ. Nísinsìnyí àwọn ìmàdò ti mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tú ebè. Bí kò bá rí ọrun tí yóò lè fà láìbẹ̀rù kí oṣù tó parí, kò ní sí iṣu jíjẹ, áńbọ̀sì èyí tí yóò gbìn.

Ó ta kóró kajú tó ká lóko, ó bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kó sin òun dé Ṣábẹ̀ẹ́. Antoine ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Bàbá Elvire ni Àbídèmí ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ẹni tó bá nílé ọkọ lórí. Ọdẹ ni Bàbá Elvire. Ọrun igi ló fi dàgbà.

Kàmál, tó ń ta ẹrù àlòkù láti Kútọnu, ní ìsọ̀ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló gbé kọ́. Àbídèmí yọ òwú láti inú àpò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa apá wọn lára díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ fún un ni?" Kàmál rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n bá yín wá ọṣẹ."

"Ibi tó bá ti la, òwú á há síbẹ̀." Kò bá a rẹ́rìn-ín.

Òwú há sára èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Èyí tó wọ́n jù ń dán bí ojú dígí, ṣùgbọ́n Kàmál jẹ́wọ́ pé bí ọsán rẹ̀ bá já, àfi kí wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Faransé. Èyí tó wà láàárín kò lẹ́wà, ọ̀dà rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n òwú yọ̀ lára rẹ̀ látòkè dé ìdí. Irin méjì wà lára rẹ̀ tí èèyàn lè yí kí fífà rẹ̀ lè fúyẹ́. Àbídèmí yí tòkè, ó ka iye ìgbà tó yí i, ó yí tìsàlẹ̀ ní iye kan náà. Ó fà á díẹ̀, ó rọra dá a padà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Èyí ni."

"Dúró ná." Bàbá Elvire gba ọrun náà lọ́wọ́ rẹ̀. "A ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀."

Àbídèmí mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Bí gbogbo ọdẹ Bessé ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á fa ọrun igi láìfi ọfà sí i, wọ́n á jọ̀wọ́ ọsán, wọ́n á fetí gbọ́ bóyá igi náà ti gbẹ. Ṣùgbọ́n Romuald ti kìlọ̀ fún un pé oníkẹ̀kẹ́ kò gba irú ẹ̀. Bí kò bá sí ọfà tí yóò gbé agbára náà lọ, ara ọrun ló ń padà sí. Romuald ti rí ọ̀kan tó fọ́ bẹ́ẹ̀ ní àgọ́ àwọn ọdẹ àjèjì náà. Ọsán rẹ̀ ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ alásè wọn dé etí.

"Bàbá Elvire, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní a kì í..."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọrun, nínú ìsọ̀ Kàmál?"

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí bàbá dán an wò," ni Kàmál wí. Òun náà kò mọ̀ pé ó léwu.

Bàbá Elvire fà á. Nígbà tó dé ibì kan, ìwúwo rẹ̀ ṣàdédé rọ̀, bí oníkẹ̀kẹ́ ṣe máa ń ṣe, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó gbé etí sún mọ́ ọsán. Àbídèmí rí ojú rẹ̀, ó rí iṣan ọrùn rẹ̀. Ìka bàbá ti ń là.

"Antoine! Má jọ̀wọ́ ẹ̀!"

Ó ti fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ọwọ́ rẹ̀ lórí ọsán. "Má jọ̀wọ́ ẹ̀. Jẹ́ ká jọ dá a padà." Wọ́n jọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n jọ ń dá a padà díẹ̀díẹ̀, títí ọrun fi sinmi.

Ìgbà náà ni Àbídèmí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ tó pè. Ó kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ má bínú, Bàbá Elvire. Ojú yín ni ọrun náà ì bá fọ́ mọ́."

Kàmál gba ọrun náà, ó yí i padà. "Bàbá, ẹ wò ó. Wọ́n yà á síbí: ọrun tí kò ní ọfà, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa fagi lé e."

Bàbá Elvire wo àwòrán náà títí. "Dìde," ló wí níkẹyìn. "Gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ti gbọ́ orúkọ mi lónìí."

Àbídèmí kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Ó sanwó, ó di ọrun náà sí ẹ̀yìn. Lórí alùpùpù tó gbé wọn padà sí Bessé, Bàbá Elvire jókòó sí àárín ẹni tó ń wà á àti Àbídèmí, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. Nígbà tí alùpùpù kó sí kòtò, tí bàbá yọ ọwọ́ náà láti di ìjókòó mú, Àbídèmí rí i pé ó ṣì ń gbọ̀n, ju tòun lọ.