Bàbá Jókòó Lé Ìtì Igi Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ìjẹmọ̀ o! Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ náà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé ọnà sára páànù. Òun ni àwọn aládìrẹ ń tẹ́ sórí aṣọ, tí wọ́n á fi ẹ̀kọ pa á, kí aró má bàa mu níbẹ̀, kí ọnà náà lè hàn. Ìtì igi kan ṣoṣo ni mo ní tí mo ń gbé páànù lé, torí béèyàn bá gé e lórí òkúta, ẹnu irin tí mo fi ń gé e á kán. Páànù ọ̀hún ńkọ́? Láti ìgbà tí ogun òyìnbó ti parí, ó ṣì wọ́n bí ojú!

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń gbé yàrá kejì. Láàárọ̀, tí mo bá ti gbé ìtì igi síta báyìí, Bàbá á dé, wọ́n á ní mo kú iṣẹ́, wọ́n á sì jókòó lé e. Ó parí! Ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n, títí oòrùn á fi mú. Ta ló fẹ́ ní kí àgbà dìde? Ṣé ẹ̀yin lè sọ ọ́?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ìyá Rẹ̀mí, kọ́sítọ́mà mi ní Ìtòkú, ń dúró de páànù tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ la fi ń jẹun nílé mi. Ó ti se ẹ̀kọ sílẹ̀, ó ní bó bá di ọ̀sán tóun ò rí mi, ẹlòmíràn lòún máa gbé iṣẹ́ fún.

Bàbá ò dìde. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo gbé páànù lé òkúta ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe sọ òòlù kalẹ̀, kau! Irin kán, páànù ya. 

Bàbá ní kí ló dé tí n ò lo igi. Ìyàwó mi, tọ́rọ̀ ti sú, kúnlẹ̀, ó ní kí Bàbá má bínú, Bàbá fúnra wọn ni wọ́n jókòó lé igi náà.

 Bàbá ní ṣebí àwọn ni mò ń gbé e síta dè láràárọ̀, inú àwọn sì ń dùn pé ọmọ àbúrò àwọn ń rò tàwọn. Háà! Mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Iṣẹ́ Ìyá Rẹ̀mí ti lọ. Mo kan àpótí ìjókòó fún Bàbá, wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dí mi lọ́wọ́ mọ́. Inú yàrá ni wọ́n ń wà.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kéèyàn tètè sọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì lè fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ọgbọ́n fa àgbà jáde kúrò nínú yàrá rí? Ẹ bá mi dá sí i o, torí láràárọ̀ ni mò ń gbé àpótí náà síta, kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e.