Aṣọ Funfun Lórí Òpó Etídò

Ọjọ́ kejì tí mo débi iṣẹ́ ni mo já gbogbo abúlé láyà, yunifọ́ọ̀mù mi lásán ló sì fà á.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Abúlé kan lẹ́yìn Ìbàfò, létí odò Ògùn, ni wọ́n gbé mi lọ. Tí ẹ bá sọ̀ lójú títì márosẹ̀, ẹ ó gun ọ̀kadà débi tí àwọn típà ti ń kó yanrìn. Ibẹ̀ ni títì parí sí; ó kan ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Orí òkìtì kan ṣoṣo ni ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jọ wà, torí pé lásìkò òjò, omi a gba gbogbo ilẹ̀ tó kù. Apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá ẹja jẹ.

Èmi fọ yunifọ́ọ̀mù mi, mo ń wá oòrùn, mo wá rí òpó gíga kan létí omi. Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun," mo bá sá a síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń sáré bọ̀ láti gbogbo ọ̀nà. Bàbá Ràímù, olórí àwọn apẹja, ló kọ́kọ́ fò sílẹ̀.

"Ta ló ń kú lọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń kú o, sà. Aṣọ ni mo sá."

Ẹ̀rín pa àwọn kan, ojú àwọn mìíràn le koko. Ìgbà náà ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé nẹ́tíwọọ̀kì kì í dé orí omi, aṣọ funfun lórí òpó yẹn sì ni ìpè wọn: ẹni tó bá rí i gbọ́dọ̀ fi àwọ̀n sílẹ̀ kó máa bọ̀. Háà! Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì Alágbàfọ̀, àtàwọn ọmọ kéékèèké pàápàá. Inú bí mi.

Òjò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó ilé kan tó ń jẹ́ Sìkírà ń rọbí, ẹsẹ̀ ni ọmọ fi síwájú. Mo rí i pé ọwọ́ mi ò ká a, àfi ká gbé e dé ọsibítù ní Ìbàfò. Gbogbo ọkọ̀ sì ti lọ sójú omi. Ìyá ọkọ rẹ̀ figbe ta: "Aṣọ funfun dà?" Bẹ́díṣíìtì ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù mi kan náà yẹn ló kù.

Mo gbé e kọ́ sórí òpó. Mo ń wí sínú pé wọn ó rí i, wọn ó ní, "Alágbàfọ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ọkọ̀ Bàbá Ràímù ló kọ́kọ́ yọ. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún yọ. A gbé Sìkírà sínú èyí tó ní ẹ́ńjìnnì, a forí lé Ìbàfò.

Mo bi Bàbá nínú ọkọ̀: "Ẹ ò rò pé aṣọ ni mo tún sá, sà?"

"A rò bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń bú ọ bọ̀ lójú ọ̀nà ni. Bó bá jẹ́ aṣọ, a ó padà sídìí àwọ̀n wa. Bó bá jẹ́ èèyàn ńkọ́?"

Mo sunkún nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò fi bò. Ìyá yè, ọmọ yè.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kí n tó fi kọ́bọ́ọ̀dù oògùn han nọ́ọ̀sì tó gbapò mi, mo fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé, mo fi okùn kan hàn án.

"Ibí la ti ń sá aṣọ," mo ní. "Má fọwọ́ kan òpó etídò, àfi lọ́jọ́ tó bá le. Lọ́jọ́ yẹn, má bẹ̀rù. Wọn ó wá."