Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Òwúrọ̀ Bàbá Onítábà

Mo rántí ìgbà tí gbogbo Ìsẹ́yìn máa ń rùn bí ewé tábà tó ń gbẹ, kí ìjọba alágbádá tó dé. Lásìkò ọyẹ́, òórùn náà á bá kùrukùru wọ inú aṣọ, á wọ inú irun, á wá máa ṣe mí bí ẹni tó ń tòògbé lórí kẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì kékeré ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ òwúrọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń mu sìgá tí ikọ́ wọn ò lọ. A ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí dókítà fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó bóyá jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Bàbá onítábà kan wà láàárín wọn tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ó ní mo jọ ìyá òun, ìyá rẹ̀ náà ló sì ń pè mí. Nígbà tí èsì tirẹ̀ dé, wọn ò rí nǹkan kan. Mo ń kọrin lórí kẹ̀kẹ́ títí dé abà rẹ̀.

"Baba, ara yín le koko!"

Ó ṣàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ikọ́ náà ò tíì dúró, wọ́n bá ní kí n tún gba òmíràn. Lọ́jọ́ yẹn mo tètè dé, kò sì rí mi. Ó wúkọ́ lẹ́yìn abà títí ó fi tẹ̀, ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wa yanrìn bò ó. Ó ṣe àlùwàlá, ó fọ ẹnu dáadáa, ó kírun. Ìgbà yẹn ló wá tu itọ́ mímọ́ sínú ìgò tí mo ti fún un lánàá. Mo sáré bọ́ síwájú rẹ̀.

"Baba, èyí tí ẹ fi yanrìn bò yẹn ni mò ń wá!"

"Háà, ìyá mi! Ṣé irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ la ó gbé lé àlejò lọ́wọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró tì í títí ó fi tu ojúlówó sínú ìgò. Ìgò yẹn sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Òjò àkọ́rọ̀ ò bá a láyé.

Mo gbọ́ pé lóde òní, wọ́n ti ń họ díẹ̀ lára ẹran ọ̀nà èémí àwọn tó ń mu sìgá, tí wọ́n ń wá àmì jẹjẹrẹ nínú àbùdá ara wọn kó tó di ohun tó ń pani. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ nígbà àkọ́kọ́, mi ò bi bàbá yẹn nípa ohun tó máa ń ṣe láàárọ̀ kó tó tutọ́ sínú ìgò. Èmi ni mo sọ fún un pé ara rẹ̀ le, ó sì gbà mí gbọ́.