Ìwé Ilẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Sùn Síta

Òórùn káńfọ̀ ló gba gbogbo gbọ̀ngàn ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni kálukú ti hú ìwé ilẹ̀ rẹ̀ jáde, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó nílẹ̀ ní Abuja mú un wá kí àwọn lè tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo sìn lọ. Gwagwalada ló ti ń ta àǹkárá, ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé kọ́ síbẹ̀ sì ni gbogbo ohun tó ní láyé. Èmi ti fi tèmi sílẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo tiẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayé ti kọjá àpótí.

Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, nawọ́. "Hajia, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ méjì."

"Níbo ni yóò máa sùn?"

"Kọ̀ǹpútà á tọ́jú ẹ̀, mà."

"Kọ̀ǹpútà? Ọmọ ta ni? Ẹ ya àwòrán ẹ̀ lójú mi, kí n gba tèmi padà."

Ló bá fa àga, ó jókòó ti tábìlì, kò jẹ́ kí etí ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn tó tò sẹ́yìn pariwo. "Kai! Hajia, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ nílẹ̀ ni?" Ojú tì mí. Mo rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò tilẹ̀ wò mí.

"Ìwọ tó o gbọ́n, tìẹ dà?"



Nígbà tó sú akọ̀wé, ó ya àwòrán ìwé náà níbẹ̀, ó sì ń tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ jígí, ó ń fi ìka tọ ojú kọ̀ǹpútà náà bó ṣe máa ń wá ibi tó ya lára aṣọ. Ó dúró.

"Mẹ́tàdínlógún ni nọ́ńbà ilẹ̀ mi. Méje lẹ kọ síbẹ̀. Ta ló ń gbé ní méje?"

Akọ̀wé wo ìwé, ó wo kọ̀ǹpútà, ó pa á rẹ́, ó tẹ mẹ́tàdínlógún. Bàbá Ìlọrin kan tó ti gbé tirẹ̀ lé tábìlì rọra nawọ́ mú un padà.

Èmi náà wá àga. "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá tèmi. Mi ò lọ síbì kankan." A ti kírun Àsárì kí wọ́n tó rí tèmi lábẹ́ òkìtì ìwé nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àmì ẹsẹ̀ bàtà lórí rẹ̀.

Wọ́n ní ará oko ni wá, pé a ò fẹ́ ìlọsíwájú. Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà ò ṣẹ̀ wá. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ ilẹ̀ mi sílẹ̀, kó kọ ọ́ lójú mi. Bí kò bá fẹ́, kó yáa wá àga púpọ̀ sí i.